Ẹni Tó Dí Ẹnu Omi

Títí di òní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ gbígbóná, tí òórùn erùpẹ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́, ìsédò kékeré ẹ̀yìn Fori ni ọkàn mi ń lọ. Ìwọ náà gbé Maiduguri rí, o mọ oòrùn tó ń yan èèyàn bí ẹja. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bàbá ará Ogbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Moduganari ló ni ìsédò náà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Hausa làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń bá a ṣàwàdà. Fúnra rẹ̀ ló kó amọ̀ dí ojú àgbàrá, tó ń mọ ọ́n ga lọ́dọọdún títí omi fi dúró. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ṣọ́jà á kó ìyàwó wọn wá láti bárékè, àwa akẹ́kọ̀ọ́ á tò sábẹ́ igi dongoyaro, ẹja yíyan á máa ta sánsán. Òfin Bàbá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu omi, ìyẹn ibi tó là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri amọ̀ náà kí omi tó bá pọ̀ jù lè gbabẹ̀ lọ.

Àwa ọ̀mọ̀wé! Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, omi ò sì ju ìbàdí lọ. La bá rọ yanrìn sínú àpò, a fi dí ẹnu omi, kó lè jìn sí i. "Tó bá di ọ̀la, a ó kó o kúrò," ọ̀rẹ́ mi wí. Ọ̀la di ìdánwò, ìdánwò sì gbé e kúrò lọ́kàn wa pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo wà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dà lórí páànù. Mo gbé! Mo rántí àpò yanrìn. Mo fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ (mo tún un ṣe lọ́dún kejì), mo fò sórí achaba, ọ̀kadà tiwọn, ó di Fori. Kí n tó dé, omi ti bo àpò mọ́lẹ̀, ó ti ń yọ lórí ògiri. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an sì ni ìdílé àgbẹ̀ Kanuri kan kọ́ ahéré wọn sí. Bàbá ń pariwo sí wọn, "Ku fito! Ku fito!", pé kí wọ́n jáde kíá. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gé ògiri rẹ̀ fúnra rẹ̀ níhà igbó, kí omi má bàa gba orí ahéré.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, àwa la dí i."

Kò wo ojú mi. "Mo ti mọ̀. Dìde, ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ẹ."

A jọ gé e. Omi tí gbogbo wa fi ń gbafẹ́ ya wọ igbó, ó ku ẹja tó ń jà pìtìpìtì nínú ẹrẹ̀. Ahéré kò wó. Bàbá jókòó sórí ìyókù ògiri, ó ń fọwọ́ pa amọ̀ náà. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ẹ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo lọ bá a ru amọ̀. Lọ́jọ́ tí ògiri parí, mo rò pé á ní kí n má débẹ̀ mọ́. Ó mú mi lọ sí ẹnu omi.

"Ìwọ ni wàá máa ṣọ́ ọ," ó ní. "Àwọn yòókù lè gbàgbé. Ìwọ ò lè gbàgbé mọ́ láéláé."

Títí mo fi jáde ní yunifásítì, òjò ńlá kan ò rọ̀ kí n má sáré lọ wo ẹnu omi. Mo ti di ọ̀gá báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, inú á sì bí mi gidi. Ṣùgbọ́n kí n tó lé ẹnikẹ́ni, màá rántí ọwọ́ Bàbá lórí amọ̀ yẹn, màá sì ní kí ẹni náà wá máa ṣọ́ ohun tó bà jẹ́ fúnra rẹ̀.