Àdí Lára Táípúráítà Màmá Mi

Òórùn àdí ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló ń rùn. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Mo fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ń retí ìró táípúráítà màmá mi láti pálọ̀ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìsọlọ̀ là ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Ìgbà owó epo ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá táípíìsì. Ọ́fíìsì kan ni màmá mi ń gbá, ó sì ti wo àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ títí. Ó máa ń sọ pé, "Èmi náà á jókòó ṣiṣẹ́ láyé mi." Ó ra táípúráítà àlòkù, ó fi ọdún kan gbáko kọ́ ọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí. Bí ó bá ti gbéra lu ìwé, kì í fẹ́ padà sáyè rẹ̀ mọ́. Màmá mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti gan." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, oògùn ohun tó bá gan kò sì ju ọ̀kan lọ nílé wa. Bí orúnkún ìyá àgbà bá ti gan nígbà ọyẹ́, àdí ni màmá mi fi ń ra á. Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Fráídè, mo gbé ìgò àdí sínú oòrùn kó lè yọ́, mo sì fi ra gbogbo lẹ́tà náà lẹ́sẹẹsẹ, títí kan àwọn tí nǹkan kan ò ṣe. Mo fẹ́ kó dé kó bá a pé ó ti sàn.

Ọyẹ́ mú gan-an mọ́jú Sátidé. Àdí dì, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí lẹ́tà kan tó lè mira.

Màmá mi pààrọ̀ ríbọ́nì. Ó yọ ìwé, ó fi òmíràn sí i. Ó tẹ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Ó fi ìró pọn ẹ̀rọ náà sẹ́yìn bí ọmọ, ó ní, "Dúpẹ́, wọ bàtà rẹ." A wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣòdì, a sọdá ojú irin lọ bá Bàbá Mùká, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ àti táípúráítà ṣe.

Bàbá Mùká kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wá.

"Ìyá Dúpẹ́, ṣé lẹ́tà kan ni àbí gbogbo wọn?"

"Ọ̀kan ni tẹ́lẹ̀, Bàbá. Ó ti di gbogbo wọn báyìí."

"Tó bá jẹ́ ọ̀kan, ìdọ̀tí ni. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn, èèyàn ni." Ó tẹrí ba, ó gbóòórùn ẹ̀rọ náà. "Ta ló fi àdí kun eléyìí?"

Mo káwọ́ sẹ́yìn. Màmá mi ò wo ojú mi rárá, apá mi tó yí sẹ́yìn yẹn ló wò.

"Èmi ni," ó wí.

Bàbá Mùká rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Abájọ tẹ́ ẹ fi pọ̀n ọ́n wá!" Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú ń tì í.

Kẹrosíìnì díẹ̀ àti pákò ni oògùn rẹ̀. A rún pákò lẹ́nu títí orí rẹ̀ fi rí bọ́rọ́ọ̀ṣì, a wá ń fi fọ àwọn lẹ́tà náà. Màmá mi na pákò kan sí mi, a sì jọ tẹrí ba sórí iṣẹ́ náà di ọ̀sán. Lẹ́tà tó ti kọ́kọ́ ṣe agídí la fọ̀ kẹ́yìn. Èérún rọ́bà tí màmá mi fi ń pa àṣìṣe rẹ́ ló há sí i nídìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yege lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní ẹni tó jókòó tì í ń béèrè ta ló ń tan sítóòfù. Ó di táípíìsì, ó jókòó ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò bi mí nípa àdí rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún un, mo sì ń sún un síwájú títí ó fi kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè. Bí mo bá ti fẹ́ kọ̀wé, lẹ́tà kan ṣoṣo á máa tẹ ara rẹ̀ lọ láìdúró kún ojú ìwé. Kí n tó mọ ohun tó fà á, kò sí lẹ́tà kankan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní Ìsọlọ̀, Tọ́mi ọmọ ọmọ mi sì tẹ̀ lé mi. Ọmọ ọdún méje ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí i, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló fọ kọ̀ǹpútà yín?"

Mo wo Tọ́mi. Ó ti káwọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ni," mo wí kíákíá.

Tọ́mi fa aṣọ mi. "Rárá, Màmá. Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni. Mo fẹ́ kó sàn kẹ́ ẹ tó jí ni."

Mo gbé e mọ́ra níwájú oníbàárà gbogbo. Ohun tí n kò rí sọ fún màmá mi títí ó fi kú, ọmọ ọdún méje ti sọ ọ́.