Ẹni Tó Fi Epo Máṣínì Pa Dísíìkì Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá háàdì dísíìkì mi láre: kò dalẹ̀ mi. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi kìlọ̀ fún mi, tó ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ kànga mọ́kànlélógún ní àdúgbò Fadikpe wà: bí omi wọn ṣe jìn tó láràárọ̀, fún ọdún méjì. Òun ni mo fẹ́ fi gba oyè kejì ní yunifásítì. Mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ìyókù, ti ẹni tí mo gbé e fún ni.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Sabon Gari ni mo gbé e lọ bá, ará Ìlọrin, tó ti tún fáànù ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Alàájì, ẹ má tú u o. Ẹ ṣáà bá mi kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde."

"Haba, àǹtí! Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí mo padà dé, ó ti tú u. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo tábìlì, awo dísíìkì tó ń dán bíi dígí sì wà ní ìhòòhò láàárín rẹ̀. Ẹ bá mi kà á: mo ní kó má tú u, ó tú u, ó fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ta sí i, ó wá kán epo máṣínì ìránṣọ lé e.

"Ohun tó bá ń yí, epo ló ń jẹ, àǹtí. Ṣé fáànù kì í jẹ epo ni?"

"Ṣé atẹ́gùn ni mo ní kẹ́ ẹ fẹ́ fún mi?"

Dísíìkì náà kò ró mọ́. Mo padà sídìí kànga fún ọdún méjì mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà tó bá gbé kọ̀ǹpútà dé, màá kí i "sannu", màá sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Nígbà tó yá, àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo SSD dípò háàdì dísíìkì dé, tí ohunkóhun kì í yí nínú wọn. Mo gbọ́ tí Alàájì ń sọ fún agùnbánirọ̀ kan pé, "Háàdì dísíìkì ò ṣeé gbọ́kàn lé. SSD yìí, wallahi, kì í kú."

Mo dìde. "Irọ́ ni. Ó ń kú, kò tiẹ̀ ní í ké kó tó kú. Bó bá já bọ́ nìkan ló fi sàn jù, torí kò sí ohun tó máa họra nínú rẹ̀. Èyí tó o bá rà, ṣe ẹ̀dà méjì, kó o fi ọ̀kan pamọ́ síbi tí Alàájì ò mọ̀."

Agùnbánirọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ẹ ò lè forí jì mí ni?"

"Rárá."

Mo sún bẹ́ǹṣì náà mọ́ ẹnu ọ̀nà sí i.