Bọ̀dá Múfù fi fáníìṣì kun fláwà mi

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí Bọ̀dá Múfù dá fún mi.

Àwọn ló ń tẹ káàdì ìgbéyàwó nísàlẹ̀ ilé wa ní Ṣómólú. Mo gbé fláwà mi tì wọ́n nígbà tí mò ń lọ sí Ọ̀yọ́, mo ní kí wọ́n máa bomi rin ín. Omi nìkan ni mo sọ.

Mo dé lónìí, ewé ń dán yinrinyinrin, ó sì ti kú.

"Bọ̀dá, kí lẹ fi sí i lára?"

"Fáníìṣì tá a fi ń mú káàdì dán ni. Ara ewé ni omi ń gbà sá lọ, mo bá dí i pa. Kò nílò omi mọ́."

Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́ níbì kan o.

Mo ní ihò kéékèèké wà lára ewé, ibẹ̀ ló ti ń mí. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oògùn kan nínú ara rẹ̀ tó máa pa ihò náà dé. Tó bá rómi, á tún ṣí i.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ewé nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn gbọ́n ju àwọn kan lọ ni.

Wọ́n ní kí n má bínú, pé gbogbo kọ́sítọ́mà ló yìn ín, wọ́n rò pé fláwà oníke ni. Oríyìn nìyẹn lójú tiwọn.

Wọ́n tún ní kí n gbé èyí tó kù lókè wá, àwọn á bá mi kùn ún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú aládùúgbò báyìí, kí lẹ máa ń fún wọn lésì?