Màrúfátù àti Eyín Àwọn Ọmọ Issaba

Ilé aláṣọ ni wọ́n bí Màrúfátù sí ní Sakété. Bàbá rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì, ń ta aṣọ láti Sakété dé Porto-Novo. Ohun tí ìyá rẹ̀, Kùdírátù, sì ń fẹ́ kò ju pé kí ọmọ òun mọ ìwé díẹ̀, kó lọ́kọ, kó sì jókòó sí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ náà jí pépé. Lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira, nígbà tí ìjọba ń wá àwọn ọmọ tí wọ́n máa rán lọ sí Faransé, wọ́n mú òun náà. Iṣẹ́ dókítà eyín ló lọ kọ́.

Ẹ̀kọ́ kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ ń wádìí ìdí tí eyín àwọn ọmọ ní ibì kan fi máa ń ní àbàwọ́n bí ìpẹtà. Màrúfátù sọ fún un pé irú eyín bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Issaba, lẹ́bàá Pobè, níbi tí òun máa ń bá bàbá òun tajà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó wá ṣe ìwádìí náà lábẹ́ òun, kó fi gba oyè ọmọ̀wé. Inú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ eyín kò dùn sí i rárá.

“Ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ,” ló wí. “Mo sì kìlọ̀ fún ọ: títí o ó fi gba ìwé ẹ̀rí, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu aláìsàn kankan bí olùkọ́ kò bá dúró tì ọ́.”

Nígbà ìsinmi ọdún 1966, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbafẹ́, Màrúfátù ń gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré bàbá rẹ̀, lọ sí Issaba, ìgò omi kànga tó fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpò, ìwé ìdánwò lábẹ́ rẹ̀. Eyín ọmọ tó bá ti yọ fúnra rẹ̀ ló ń tọrọ. Ó mọ̀ pé ohun ńlá ni. Orí òrùlé ni ọmọ máa ń ju eyín sí kí tuntun lè hù; òun náà ju tirẹ̀ nígbà kan. Àwọn ìyá fi í ṣẹ̀rín. Àwọn kan kọ̀, àwọn kan fún un. Victorine wà nínú àwọn tó fún un: eyín ọmọbìnrin rẹ̀, Àbẹ̀ní, ló fún un. Ọkọ rẹ̀, Ṣóbándé, ti lọ sóko lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbẹ̀ní wú.

Màrúfátù ń fa omi ní kànga Issaba láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó rí àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀. Ṣóbándé ló ṣíwájú, àdá lọ́wọ́. Kò kí i.

“Eyín ọmọ mi dà?”

“Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mo ní eyín ọmọ mi dà! O fẹ́ gbé e lọ fún òyìnbó, ojú ọmọ sì ti wú bí ìkòkò. Bó bá kú, ìwọ náà kò ní padà sí Sakété.”

Màrúfátù mọ̀ pé bí òun bá sá, ọ̀ràn ti dé. Ó ṣí àpò, ó wá eyín Àbẹ̀ní jáde. Nínú gbogbo èyí tó rí gbà, òun ló ní àbàwọ́n jù, òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n ì bá kọ́kọ́ fẹ́ rí.

“Ẹ gbà á, bàbá. Ẹ jù ú sórí òrùlé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ náà.”

“Kí o tún mú kí ni lára rẹ̀?”

Victorine ti dé ẹ̀yìn wọn. “Ẹ jẹ́ kó wò ó, Bàbá Àbẹ̀ní. Láti àná, ọmọ kò lè gbé itọ́ mì.”

Ọ̀rọ̀ yìí ba Màrúfátù lẹ́rù ju àdá lọ. Ó sáré bá Victorine lọ sílé wọn. Àbẹ̀ní jókòó, ó lanu sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ le bí igi, ahọ́n rẹ̀ sì ti gbé sókè. Kì í ṣe eyín tó yọ ló fà á. Eyín ńlá kan lẹ́yìn ló ti jẹrà, ọyún rẹ̀ sì ti ń wá ọ̀nà sọ́rùn. Bó bá dí ọ̀nà ọ̀fun, ó parí nìyẹn.

Ó gbé ìyá àti ọmọ sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì, ó doríkọ ilé ìwòsàn Pobè. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ṣóbándé ń fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Firmin, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wo ọmọ náà, ó mi orí. Dókítà ti gbé ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní lọ sí Kétou. Ó fóònù Porto-Novo. Wọ́n ní ọkọ̀ máa dé nírọ̀lẹ́.

“Kò ní dúró di ìrọ̀lẹ́,” ni Màrúfátù wí.

“Eyín tó bá ń mì nìkan ni èmi máa ń yọ. Madmọsẹ́lì, ṣé ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí?”

“Rárá o, Mùsíé Firmin.”

“Ṣé ẹ ti ṣe irú èyí rí?”

“Mo ti ṣe é, tí olùkọ́ dúró tì mí.”

Firmin tẹ́tí sí ọmọ náà. Èémí ọmọ náà ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. “Màá sọ fún dókítà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mi ò lè purọ́ fún un.”

“Ẹ sọ ọ́. Ẹ bá mi se àwọn irinṣẹ́.”

Ó yíjú sí àwọn òbí; Ṣóbándé náà ti dé. “Bàbá, mi ò tíì di dókítà. Bí mo bá gé ibi tó wú, ọmọ lè yè, ó lè kú. Bí a bá ń retí ọkọ̀, mo rò pé ó máa kú.”

Victorine ló gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ó gún un lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn ún púpọ̀, ó gé abẹ́ àgbọ̀n. Ọyún tú jáde, òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Ó wá di eyín mú. Eyín dá, gbòǹgbò kù sínú. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, Firmin ń bá a nù ún. Ó tún wá gbòǹgbò náà, ó rọra ń mì ín, àfi ìgbà tó jáde lójijì. Àbẹ̀ní figbe ta. Màrúfátù fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ tó lè ké báyìí, ọ̀fun rẹ̀ ti là. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ọmọ náà ti mu omi.

Màrúfátù kò dúró kí ẹlòmíì rò ó. Bó ṣe padà dé Faransé, ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

“Ọmọ náà ńkọ́?” ni ọ̀gá bi í.

“Ó yè, ọ̀gá.”

“Inú mi dùn. Wàá tún ọdún yìí ṣe.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kúkú fi iṣẹ́ eyín sílẹ̀, ìwádìí nìkan ti tó fún un. Ó kọ̀. “Bí mo bá mọ ohun tó ń ba eyín jẹ́, tí mi ò sì lè tọ́jú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ?” Ní Sakété, ìdílé tó ń fẹ́ ẹ fún ọmọ wọn ní àwọn kò lè dúró mọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún. Òun náà sunkún díẹ̀, ó padà sídìí ìwé.

Ní Issaba, Ṣóbándé ń sọ fún gbogbo ayé pé eyín tó dé orí òrùlé ló wo ọmọ òun sàn. Victorine kò bá a jiyàn. Nígbà tí Màrúfátù tún dé, òun ló mú un láti ilé dé ilé, wọ́n sì fún un ní eyín. Oyè méjèèjì bọ́ sí i lọ́wọ́ níkẹyìn, ó sì wá ń ṣiṣẹ́ ní Pobè. Ohun tó rí kò pa mọ́: omi kànga àtijọ́ ló ń kó àbàwọ́n bá eyín wọn. Ó bá àwọn àgbà sọ ọ́ títí wọ́n fi gbẹ́ kànga mìíràn fún àwọn ọmọ. Àwọn fúnra wọn kò fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní omi rẹ̀ ló dùn.