Màmá Onítéèpù àti Àbíkẹ́yìn Rẹ̀

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, kò sí ohun tí kò lè rán ẹ̀wù fún. Ẹ wọ pálọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé rédíò wọ aṣọ, tẹlifíṣọ̀n wọ aṣọ, ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ìbọ̀sẹ̀. Kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì pàápàá ní ẹ̀wù onílẹ́ẹ̀sì tó máa ń wọ̀ tó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe tó fi fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé òun kì í jókòó pẹ́ sójú kan nínú ilé yẹn, kí wọ́n má baà rán òun mọ́ àga.

Aránṣọ ni. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn ọmọ ilé ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Téèpù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Màmá Onítéèpù. Bó bá ń bá yín sọ̀rọ̀, á ki abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bọ ẹnu, kò sì ní tìtorí ìyẹn pa ọ̀rọ̀ jẹ. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ pé ọjọ́ báyìí ni aṣọ yóò jáde, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

Èmi ni mẹkáníìkì rẹ̀. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn, torí pé ẹni tí Màmá Onítéèpù bá fi nǹkan rẹ̀ lé lọ́wọ́ ti gba ìwé ẹ̀rí.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ó gùn lẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀. Owó abẹ́rẹ́ ló fi rà á. Kó tó rà á, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló fi ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà, aṣọ tó ti fi gbogbo òru lọ̀ á sì débẹ̀ ní rírún. Ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé, ó so igi kan mọ́ inú rẹ̀, ó fi gbogbo aṣọ kọ́ sórí rẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó tún bá a wí nípa aṣọ rírún mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ. Ó wá ń pe ọkọ̀ náà ní Àbíkẹ́yìn. Ó ní òun ò tún bímọ mọ́, èyí tó kù tí òun ń tọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ le.

“Ọ̀gá mẹkáníìkì, ara Àbíkẹ́yìn ò yá. Ó ń tú èéfín dúdú, kò sì lè gun òkè ọsibítù.”

Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo tan ẹ̀rọ. Ó ń dún wẹ́rẹ́. Mo wà á yípo àdúgbò, mo gbé e gun òkè, ó gùn ún láìwúkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú àwọn púlọ́ọ̀gì rẹ̀, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní, “Ẹ rí i, Màmá, ọwọ́ ti bà á.” Mo pààrọ̀ wọn, ó sanwó, ó gbéra, inú àwa méjèèjì dùn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi padà dé. Òkè kan náà, èéfín kan náà; lọ́tẹ̀ yìí, ó ti kú sójú títì. Mo tún tan ẹ̀rọ, ó tún ń dún wẹ́rẹ́. Mo tú kàbúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún dé. Mo pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Nígbà kẹrin, mo pààrọ̀ wáyà. Lójú mi, ọkọ̀ ò ní nǹkan kan. Kó sáà kúrò lójú mi, àìsàn dé.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ yìí pẹ́ mọ̀ pé kò sóhun tó ń tàbùkù ẹni tó ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn nílé, tí ara rẹ̀ ń le lọ́dọ̀ dókítà. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé mò ń méfò ni. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá jókòó sórí bẹ́ńṣì tó ń wojú ẹni, ọwọ́ á ṣáà fẹ́ tú nǹkan kan. Owó tí obìnrin yìí ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ló ń lọ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì ń kó o síbẹ̀.

Tíṣà kì í pariwo. Bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, á kàn gbé ìka kan sókè bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì. Ó gbé ìka náà sókè nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Àbíkẹ́yìn yìí ti ń jẹ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Jẹ́ ká tà á.” Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé ó dáa, òun gbà: bó bá tún kú sójú títì lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun ti sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ti òun lẹ́nu.

Ó tún kú. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ogójì aṣọ nọ́ọ̀sì ló wà nínú ọkọ̀. Àárín òkè ló ti kú, bí ó ti ń ta sítáátì tó, kò sọ̀rọ̀. Orí ara rẹ̀ ló fi ru aṣọ náà gòkè lẹ́ẹ̀mẹta, lábẹ́ ọ̀rá. Wọ́n bá a ti ọkọ̀ dé ilé. Ó ránṣẹ́ sí olóko-òwò irin, ìyẹn ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kò kí mi.

“Olè ni ọ́,” ló sọ. “O ò pààrọ̀ nǹkan kan. Èyí tó ti gbó lò ń nù, tí ò ń dá padà. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Mo ṣe bí ọmọ ni ọ́ sí mi.”

Ó yí padà, ó lọ. Àwọn oníbàárà mi ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé egungun. Wọ́n máa ń sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ; ẹni tí kò ní wúrà rí bí èmi, orúkọ ọ̀hún nìkan ló ní. Lálẹ́, mi ò lè jẹun. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n fẹ́ lọ fi òòlù fọ́ ọkọ̀ tí mo mọ gbogbo iṣan ara rẹ̀, èmi ò sì mọ ohun tó pa á.

Láàárọ̀ Sátidé, mo kó àwọn púlọ́ọ̀gì àtijọ́ yẹn àti pọ́ǹpù àti wáyà sínú àpò kan. N kì í da irin nù. Mo ní mo fẹ́ lọ tú u síwájú rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé mo pààrọ̀ wọn. Mo ti lọ wọn ṣòkòtò nílé yẹn rí, ṣùgbọ́n n kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ rí, nítorí òun ló máa ń gbé ọkọ̀ wá bá mi.

Tíṣà ló bá mi pàdé lójúde. Ó kí mi dáadáa, bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Àbíkẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi àkísà nu gíláàsì rẹ̀. Ta ló ń fọ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ fọ́? Àánú ṣe mí.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wọ́n tó gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Wò ó,” ló wí. “Ọ̀sán ni wọ́n ń bọ̀.”

Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Lórí ẹ̀rọ, níbi tí agolo fílítà afẹ́fẹ́ wà, mo rí ẹ̀wù. Ẹ̀wù gidi ni mo wí, aró dúdú, aṣọ kan náà tó fi ń rán kóòtù àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní kọ́là, ó ní bọ́tìnì mẹ́fà, fóòmù nípọn ló sì wà nínú rẹ̀. Ó fún mọ́ ẹnu fílítà náà pinpin. Ó ti mu eruku oṣù mélòó kan yó, omi òjò ti sọ ọ́ di amọ̀.

“Kí lèyí, sà?”

“Ẹ̀wù rẹ̀ ni,” Tíṣà dáhùn, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé àga nìyẹn.

Mo tú bọ́tìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bọ́ ẹ̀wù náà, mo nu fílítà, mo nu àwọn púlọ́ọ̀gì, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Tíṣà, mo ta sítáátì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí. Mo tẹ iná mọ́ ọn, ó ké rara. Ariwo yẹn ló lé Màmá Onítéèpù jáde, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

“Kí lo wá ṣe níbí?”

Mo gbé ẹ̀wù náà sókè. “Màmá, ta ló rán èyí?”

“Èmi ni. Ta ló tún mọ kọ́là gbé dúró báyẹn?”

“Kí ló dé tí n kò fi rí i rí?”

“Kí n wọ̀ ọ́ wá fún ọ, kí o fi gírísì bà á jẹ́? Mo máa ń bọ́ ọ sílé kí n tó gbé e wá. Ṣe bí ìwọ lo gbé fílítà hàn mí lọ́dún tó kọjá, tí o ní eruku ló máa pa ọkọ̀ yìí, kí n wá nǹkan ṣe sí i?”

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó máa tètè pààrọ̀ fílítà ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Màmá, ibẹ̀ ni imú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ lẹ́wù tán, kò rí afẹ́fẹ́ fà. Bó bá rọra ń rìn, á gbìyànjú. Bó bá dé òkè, tó nílò èémí, kò sí.”

Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gún àyà aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. N kò rí i kí ojú tì í rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

“Èmi ni mò ń fún un lọ́rùn,” ló wí. “Mo tún wá pè ọ́ ní olè lójú gbogbo ayé.”

“Ẹ pè mí, ó sì dùn mí, Màmá.” Mo gbé àpò náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. “Mo kó wọn wá kí n fi bá yín jà. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù yìí, kò ṣe nǹkan kan nígbà tí mo yọ ọ́. Wáyà náà ò ṣe nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti sọ pé n kò mọ ohun tó ń ṣe é, ni mo ṣe ń pààrọ̀. N ó dá owó wọn padà.”

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù olóko-òwò irin ti ń yà wọlé. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ti fa ṣéènì dání. Màmá dìde. Mo rò pé yóò lé e padà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i.

Mo pariwo, “Màmá! Ó ti yá! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe dún?”

“Mo gbọ́,” ló wí. “Mo ti sọ pé bó bá tún kú lẹ́ẹ̀kan, kó lọ. Ó sì kú. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa á, ìyẹn ò sọ ọ̀rọ̀ mi di irọ́.”

Bẹ́ẹ̀ lobìnrin náà rí. Kò ní bẹ̀bẹ̀, kò sì ní yẹ ọ̀rọ̀. Olóko-òwò náà gba kọ́kọ́rọ́, ó ń wojú gbogbo wa.

Ìgbà náà ni Tíṣà gbé ìka sókè.

“Láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn,” ló bi ìyàwó rẹ̀, “ṣé o wọ ẹ̀wù yẹn fún un kí o tó jáde?”

Màmá ronú. “Rárá. Mo ti pẹ́, mò ń kó aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo gbàgbé rẹ̀ sórí àga.” Ó yíjú sí ẹ̀wù ọwọ́ mi. “Ta ló wá wọ̀ ọ́ fún un?”

Tíṣà ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Mo rí i lórí àga,” ló wí. “Òjò sì ṣú. Mo ní kí òtútù má lọ mú un. Nígbà tí o wọlé lọ gbé àpò rẹ, mo sáré wọ̀ ọ́ fún un.”

“Ẹ̀yin?”

“Bọ́tìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.”

Ọkùnrin tó ní kí wọ́n ta ọkọ̀! Màmá wò ó títí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti èjìká. Ó rìn lọ bá olóko-òwò náà, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, ẹ máa lọ,” ló wí. “Ẹ̀bi Àbíkẹ́yìn kọ́. Ẹni tí mo ṣèlérí fún gan-an ló wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ọ̀rọ̀ yẹn ò mú mi mọ́. Àwa méjèèjì la jọ pa á.”

Mo ní, “Àwa mẹ́ta ni, Màmá.”