Fíríìjì Tí Elétí Ehoro Yàn

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé a kì í ra fíríìjì lẹ́yìn Elétí Ehoro. Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, etí ló sì fi ń ṣe é. Yóò gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni ń gbọ́ òfófó, yóò dijú, yóò sì sọ fún ọ pé èyí á bá ọ kalẹ́ tàbí pé irọ́ ló ń pa. Ìyàwó rẹ̀, ìyá aránṣọ, ló kọ́kọ́ fi ìnagijẹ yẹn pè é kí àwọn èèyàn tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ò sì jẹ́ kó mú un jẹ; Abẹ́rẹ́ ló ń pe ìyàwó, nítorí obìnrin náà kéré, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi kíkéré rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìyàwó á ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Àìsàn tó wá mú Elétí Ehoro kì í ṣe ibà, kì í ṣe làkúrègbé. Ìgbàgbé ni. Ó kọ́kọ́ ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n ní àgbà ló dé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó tí wọ́n ti jọ wà láti ìgbà èwe bí ẹni ń wo àlejò tó jókòó pẹ́ jù. Ó ti pẹ́ tó ti pe Abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ìyẹn gan-an ló sì ń dun obìnrin náà jù. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń bọ́ ọ, kò ráhùn. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ọkùnrin náà mọ ẹni tó ń ṣe é.

Fíríìjì ilé wọn ò tiẹ̀ kú ikú ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá aránṣọ bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná, ó ti tú fíríìjì náà palẹ̀, bóòtù lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀, gáàsì ti fẹ́ lọ. Sukudiráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa kì í bọ̀.

“Ta ló ba nǹkan yìí jẹ́?” ló bi ìyàwó rẹ̀.

Ìyá aránṣọ wọ yàrá lọ, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ó sunkún.

Àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kí ìyá má ṣèyọnu, òun á fi fóònù ra òmíràn, wọn á gbé e wá sílé.

“Nínú ilé Elétí Ehoro?” ni ìyá dá a lóhùn. “Fíríìjì tí kò gbọ́ ohùn ẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ bàbá ẹ.”

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n rò pé ká ṣáà ti tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ ti parí. Kì í ṣe fíríìjì nìkan ni ìyá wọn ń wá lọ. Ó ń rò ó pé bí etí yẹn bá tún gbọ́ ohun tó mọ̀, bóyá ẹni tó ni etí á padà wálé, á sì pe òun ní Abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wọ ọkọ rẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to fíríìjì sí láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Ọlọ́jà nawọ́ sí ọ̀kan tí iná búlúù ń tàn lára rẹ̀. Ọrùn Elétí Ehoro, tó máa ń tẹ̀ látìgbà tára rẹ̀ ò ti yá, nà ró.

“Tan án,” ló wí.

Ọlọ́jà tan án. Bàbá gbé etí lé e, ó dijú.

“Pa á. Iná pọ̀ lára ẹ̀, agbára ò sí. Tan ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.”

Bó ṣe ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn. Ó fa ilẹ̀kùn, ó fi àtàńpàkò tẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ó yọjú wo ẹ̀yìn. Ó ní èyí ń hanrun, ó ní tọ̀hún á máa jẹ iná bí alájẹkì. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí. Ìyá aránṣọ fi ayọ̀ gbá báàgì mọ́ àyà. Ọkọ rẹ̀ nìyí, tòun ti ẹnu ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà yíjú sí i.

“Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé, mà?”

Ó rò pé eré ló ń ṣe. “Àwa méjì ni,” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Èmi àti ọkọ mi.”

“Àwọn ọmọ ti lọ nìyẹn. Kí lọkọ yín máa ń fẹ́ nínú fíríìjì?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú náà mọ́ kedere, inú rere kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń wo gbogbo oníbàárà ló ṣe ń wò ó. Ọlọ́jà ti gbọ́. Ó tẹrí ba, ó ń fi aṣọ nu ibi tí kò léruku.

“Omi tútù,” ni ìyá dáhùn. “Tí kò bá tíì ta á léyín, á ní kò tíì tutù.”

“Ó mọ nǹkan tó dáa. Kí ló dé tí ò bá yín wá?”

“Ó ń bọ̀ lọ́nà.”

“Ẹ má wulẹ̀ dúró dè é.” Ó fọwọ́ lu fíríìjì funfun kan tí kò ga. “Èyí ni. Ohùn ẹ̀ balẹ̀. Ẹ ò sì ní máa gun àpótí kọ́wọ́ yín tó tó òkè. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé èmi ni mo yàn án.”

“Màá sọ fún un, sà.”

Ìyẹn náà ló rà, kò wo òmíràn. Bí ọlọ́jà ṣe ń di ẹrù náà tí wọ́n máa gbé wá bá wọn nílé, ara Elétí Ehoro ò balẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò ṣáá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa lọ,” ló wí. “Abẹ́rẹ́ ń retí mi. Kì í fẹnu kan oúnjẹ tí mi ò bá tíì dé.”

Orúkọ tí ìyá aránṣọ ti ń retí láti ọjọ́ yìí nìyẹn, òun kọ́ ni wọ́n sì fi pè. Òótọ́ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò jẹun rí kí ọkọ rẹ̀ tó wọlé. Ẹni tó rántí èyí ló dúró níwájú rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n jáde. Kí wọ́n tó sọdá títì, ìyá aránṣọ nawọ́, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe.

Elétí Ehoro rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó má baà dójú tì í.

“Ẹ má bínú, mà,” ló wí. “Mo níyàwó nílé.”

Ìyá aránṣọ ní òun ti gbọ́. Ó sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé ilé láì tún fọwọ́ kàn án.