Ọjọ́ tí Dàda Ké láti Ìsàlẹ̀ Kànga

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ní nǹkan bí ọdún 1958, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Dàda. Kànga ni ó ń gbẹ́. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ kànga títí ó fi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́ ẹ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Dàda gbìyànjú oko kòkó fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n pín fún un kò tó nǹkan, ó sì padà sínú ihò. Èèyàn kúkúrú ni, èjìká rẹ̀ gbòòrò, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí gbogbo òbí abúlé náà fi ń kọ́ ọmọ ni òun náà fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀: bí ẹni tí o kò rí bá pè ọ́ lórúkọ nínú igbó, tàbí lọ́sàn-án gangan, má dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá dáhùn ti tẹ̀ lé e nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí omi bá sá lọ sí ìsàlẹ̀ jù lọ. Kànga tí a bá gbẹ́ lójò, irọ́ ni; bí ọ̀dá bá dé, yóò gbẹ. Lọ́dún náà, odò abúlé ti ku ẹrọ̀fọ̀, wọ́n sì ní kí Dàda gbẹ́ kànga sẹ́bàá ọ̀nà odò. Òun àti Mùnírù ni wọ́n jọ ń ṣe é: Dàda ń gbẹ́ nísàlẹ̀, Mùnírù ń fi okùn fa garawa erùpẹ̀ sókè. Dàda gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara kànga lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni ó ń gbà sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Mùnírù ń lọ kírun ní Lálúpọn. Ilé àwọn àna rẹ̀ ni ó máa ń sùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ó di Àbámẹ́ta kí ó tó dé. Ó ká okùn rẹ̀ dání.

"Má wọ ibẹ̀ o."

"Kí ni mo fẹ́ lọ wá? Ṣé ìyàwó mi wà níbẹ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n iyanrìn tí wọ́n fà jáde kẹ́yìn tutù. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga rí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, Dàda ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀, òun nìkan.

Ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi yọ. Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ẹ̀gbẹ́ kan fi ya lulẹ̀. Erùpẹ̀ bò ó dé itan, ó sì gbá àwọn ihò ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ó fa ẹsẹ̀, kò wá. Ó fi ọwọ́ wa erùpẹ̀. Bí ó ti ń wa á ni òmíràn ń ya wá rọ́pò. Omi sì rọra ń pọ̀ sí i.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn lókè. Ìyá Títíladé ni, àgbà obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Leah, ìyàwó tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí kò tíì pẹ́ tí ó dé abúlé. Odò ni wọ́n ń lọ, láti gbọ́n ìwọ̀nba omi tó kù nínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ìyá Títíladé o! Ẹ gbà mí o!"

Ẹsẹ̀ dúró.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Ẹnì kan ń pè yín."

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé o rí ẹnì kankan ni?"

"N ò rí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ni wọ́n pè."

"Òun gan-an ni mo ń sọ. Ọ̀sán gangan rèé. Ohùn yẹn, ṣé ohùn èèyàn ni? Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, Mùnírù sì ti lọ kírun, kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ kànga lónìí."

"Ìyá Títíladé, èmi Dàda ni!"

"Yéè! Ó tún mọ orúkọ Dàda! Ọmọ yìí, sáré!"

Wọ́n sá lọ sí ọ̀nà odò. Dàda kò bínú sí wọn. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó ń kọjá lókè, yóò sáré jù wọ́n lọ.

Ó wo òkè. Ọ̀run kò ju ẹnu àwo lọ. Oòrùn wọ inú àwo náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ràn sí i lórí, ó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Àwọsánmà kékeré kan kọjá. Ẹyẹ kan kọjá. Wọn kò mọ̀ pé ihò kan wà níbẹ̀.

Lókè orí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé, ìlà èédú tín-ínrín kan la ara kànga já, àpáàdì kan sì yọrí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ dé ibẹ̀, Mùnírù bi àwọn àgbà abúlé pé ta ni ó dáná síbẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó gbé ilẹ̀ náà ṣáájú àwọn baba àwọn. Síbẹ̀ ẹnì kan dáná, ó se oúnjẹ, ó fọ́ ìkòkò, bóyá ó tilẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí lórí ìkòkò náà. Dàda kò mọ iye ọdún tí erùpẹ̀ fi bò wọ́n. Ó ṣáà mọ̀ pé òun ti wà nísàlẹ̀ wọn báyìí, pé ilẹ̀ abẹ́ òun kò ní òpin tí òun mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfuurufú tí ó wà lókè. Láàárín méjèèjì, òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà.

Omi dé ìdodo rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà yóò padà; kò sí ọ̀nà mìíràn wá sílé láti odò. Bí ó bá pe orúkọ, wọ́n á sá. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á kọjá. Ó tún ìkìlọ̀ náà sọ lọ́kàn bí ó ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tí ń fi ọwọ́ wá ibi tí ògiri ti lanu.

Nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń yára, kò pe ẹnikẹ́ni.

"Ẹ má dá mi lóhùn o! N ò ní kí ẹ dáhùn! Ẹ ṣáà yọjú wò mí!"

Ẹsẹ̀ tún dúró.

"Màmá, ó ní ká má dáhùn."

"Mo gbọ́."

"Iwin tó ń sọ pé kéèyàn má dáhùn, ṣé irú ẹ̀ wà?"

Ìyá Títíladé di apá rẹ̀ mú, ó ń fà á lọ.

"Àwọn àgbà ní ká má dáhùn," ni Leah wí. "Wọn ò ní ká má wò."

Orí kan yọ sí ẹnu kànga, ó sì dí ìdajì ọ̀run.

"Bàbá agbẹ́kànga ni! Màmá, omi ti ń mù wọ́n lọ!"

Orí kejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dàda! Àṣé ìwọ lò ń fi ohùn òkú pè mí? Mo ṣubú, orúnkún mi bó nítorí ẹ!"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"N ó bínú! Jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ́ níbẹ̀ ná, n ó wá bínú dáadáa."

Leah sáré lọ pe àwọn ọkùnrin. Ìyá Títíladé jókòó sétí ihò, ó ń bú Dàda, kò dánu dúró títí wọ́n fi dé. Dàda ń dáhùn gbogbo èébú náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n fà á jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Ó la ojú, ó rí ọ̀run láìní etí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di koríko mú.

"Kí lo dì mú báyẹn?" ni Ìyá Títíladé bi í.

"Ilẹ̀ ni. Ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ já bọ́ sókè."

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n padà sídìí kànga náà, nítorí erùpẹ̀ tí ó ya gbọ́dọ̀ kúrò kí omi tó mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn ní agbègbè náà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Okùn wà ní ìbàdí Dàda lọ́tẹ̀ yìí. Mùnírù kò tíì dárí jì í. Bí garawa bá ti pẹ́ díẹ̀, yóò pariwo sísàlẹ̀.

"Dàda! Ṣé o wà níbẹ̀?"

Dàda wo àwo kékeré náà lókè, ó tún gbé ọkọ́.

"Mo wà níbí. Níbo ni mo tún fẹ́ lọ?"